Bí Jackie Groenen Ṣe Kọ́ṣẹ́ Àárín Pápá

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọdé lórí ẹní júdò kì í ṣe bí a ṣe ń dá ẹlòmíì mọ́lẹ̀. Ìṣubú ni. Wọ́n á ní kí ọmọ náà fi ẹ̀yìn sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó fa àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbá ilẹ̀, kó sì fi apá lu ẹní náà pàà bí ara bá ṣe ń kanlẹ̀, kí agbára ìṣubú náà lè pín káàkiri ara. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, títí ìbẹ̀rù ilẹ̀ á fi kúrò lára ọmọ. Ìgbà tó bá mọ ìṣubú dáadáa ni wọ́n tó máa ń fi ọ̀nà gbígbé ẹlòmíì ṣánlẹ̀ hàn án. Orí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ni Jackie Groenen ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀, kó tó di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù àárín tí Nẹ́dálándì fọkàn tẹ̀ jù lọ.

Ìlú Tilburg, ní gúúsù Nẹ́dálándì, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1994. Ṣùgbọ́n Poppel ló ti dàgbà, abúlé kan tó wà lápá ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, tí kò jìnnà sí Tilburg rárá. Ó ń gbé ní Bẹ́ljíọ̀m, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nẹ́dálándì. Lójú ọmọdé, ibodè tó wà láàárín ilé àti pápá kò ju ojú ọ̀nà lọ. Ọ̀rọ̀ ibodè yìí ṣì ń bọ̀ wá di wàhálà sí i lọ́rùn, a máa débẹ̀.

Ẹ má rò pé eré ọwọ́dilẹ̀ ni júdò lórílẹ̀-èdè yẹn. Ní 1964, nígbà tí júdò kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíńpíìkì, ní Tokyo gan-an, ọmọ Nẹ́dálándì kan, Anton Geesink, ló dá Akio Kaminaga mọ́lẹ̀ lójú àwọn onílé, tó sì gba wúrà lọ́wọ́ àwọn tó ni eré. Ilẹ̀ tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Jackie ti gba ife àwọn èwe nínú júdò léraléra, tó tún ṣe ipò kẹta ní Yúróòpù láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 17. Ọmọ kékeré ni, kò ga, kò sanra. Ìwọ̀n ara tó fúyẹ́ pátápátá ló ti ń jà.

Àwa tí a ti wo ìjà gídígbò rí mọ̀ pé agbára nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dá ènìyàn. Nínú júdò, ọgbọ́n náà ní orúkọ: kuzushi ni àwọn ará Japan ń pè é, ìyẹn ni pé kéèyàn ti da ìdúró ẹlòmíì rú kó tó gbìyànjú àtigbé e. Ẹni tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ bá ti wà lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí ohun tó lè ṣe fún ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ẹ wá wo Groenen nígbà tó bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò. Kì í já lu ènìyàn. Á sún mọ́ ọn, á tẹ orúnkún díẹ̀, á dúró de ìgbà tí ẹni yẹn bá gbé ẹsẹ̀ kan láti ti bọ́ọ̀lù síwájú. Ìgbà náà ló máa ń ti èjìká bọ̀ ọ́. Kí ẹni náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ. Wọ́n lè gbá òun náà ṣubú, wọ́n sì máa ń gbá a ṣubú dáadáa, àmọ́ á yí lórí koríko lẹ́ẹ̀kan, á ti wà lórí ìdúró. Lójú tèmi, ẹní júdò ni gbogbo èyí ti wá. Mi ò tíì rí kóòṣì bọ́ọ̀lù tó jókòó ti ọmọdé lọ́pọ̀ oṣù nítorí kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Àárín àwọn ọmọkùnrin ló ti kọ́ ọ. Ní Nẹ́dálándì, kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ọmọbìnrin bá wà nínú ẹgbẹ́ ọmọkùnrin, òfin bọ́ọ̀lù wọn fàyè gbà á. Ìkọ́ṣẹ́ tó le ni. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọkùnrin ń ga sí i, tí ẹsẹ̀ wọn ń gùn sí i, tí eré wọn ń le sí i. Ọmọbìnrin tó bá ṣì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa kan òun gbọ́dọ̀ ti ronú kí wọ́n tó ronú. Bó bá gba bọ́ọ̀lù tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa fún, wọ́n ti dé orí rẹ̀. Sherida Spitse, tí òun àti Groenen padà jọ ṣiṣẹ́ láàárín pápá fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba irú ọ̀nà yìí náà ní Sneek, lókè lọ́hùn-ún ní Friesland. Ẹni tó bá wo àwọn méjèèjì á rí i pé ojú wọn máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tó yá, júdò àti bọ́ọ̀lù kò lè gba inú ọ̀sẹ̀ kan náà mọ́. Bọ́ọ̀lù ló mú.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ máa ń ní ọ̀gá kan. Ọ̀dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì yẹn ni á ti máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, tí á máa jẹ́ ìpè, títí ọjọ́ tí wọ́n á fi ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Ti Groenen kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pọ̀, ibodè ló sì ń là kọjá láti ọ̀kan dé èkejì. Jámánì ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Merel kọ́kọ́ forí lé, wọ́n gba SGS Essen kọjá, wọ́n sì dé FCR Duisburg ní 2011. Ìdí tó fi jẹ́ Jámánì kò ṣòroó rí. Líìgì àgbà àwọn obìnrin ní Nẹ́dálándì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ni. Ọdún yẹn kan náà ni Jámánì gba ife àgbáyé àwọn obìnrin fún ìgbà kejì tẹ̀ léra. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ irin, ibi tí ẹwìrì ti ń fẹ́ ló yẹ kó lọ.

Duisburg ti gba ife Yúróòpù ní 2009, àwọn tó sì bá níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Alexandra Popp, agbábọ́ọ̀lù iwájú Jámánì, wà níbẹ̀. Simone Laudehr náà wà níbẹ̀, agbábọ́ọ̀lù àárín tó fi orí kan ayò kejì fún Jámánì nínú àṣekágbá 2007 tí wọ́n fi na Brazil. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, tó ń wọ pápá ìdánrawò ní àárọ̀ ọjọ́ tútù, tí irú Laudehr sì dúró ní àyè iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́. Kò sí ìwé tó lè kọ́ni ní ohun tí ojú máa ń rí ní irú ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, owó tán lọ́wọ́ FCR Duisburg, ẹgbẹ́ MSV Duisburg ló gba àwọn agbábọ́ọ̀lù náà mọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014. Ìgbà yẹn ni Groenen di ẹrù rẹ̀, ó gba ìlú London lọ.

Chelsea tí Emma Hayes ń kọ́ ló wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn nìyẹn, àwọn oníṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì yàtọ̀. Katie Chapman ń fi ara gba bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń dí ẹnu ọ̀nà. Ji So-yun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìgbà yẹn kan náà, kékeré bíi Groenen ni, ṣùgbọ́n bó bá fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù báyìí, gbogbo pápá ti yí padà. Iwájú wọn ni Eniola Aluko ti ń sáré, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1987, tó ti kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin kí ìgbà yẹn tó dé. Groenen náà padà forúkọ sílẹ̀ láti ka òfin ní Yunifásítì Tilburg. Mi ò ka èyí sí ohun tó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Àwọn obìnrin ìran wọn mọ̀ pé owó bọ́ọ̀lù obìnrin kò tíì tó ohun tí ènìyàn lè fi gbogbo ara lé, wọ́n sì mọ̀ pé orúnkún lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń fi òru kàwé lẹ́yìn ìdánrawò kò ṣe é nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú bọ́ọ̀lù.

Ọdún 2014 yẹn kò parí síbi tó dáa. Chelsea ló wà lókè tábìlì nígbà tí ọjọ́ ìkẹyìn líìgì mọ́. Manchester City nà wọ́n ní 2–1, Liverpool borí tirẹ̀, àmì ẹgbẹ́ méjèèjì wá dọ́gba, àyọkúrò ayò ló sì gbé ife fún Liverpool.

Ní 2015 ó padà sí Jámánì, ó wọ FFC Frankfurt tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife Champions League lóṣù Karùn-ún ọdún náà. Laudehr tún wà níbẹ̀! Ọdún mẹ́rin ni Groenen lò ní Frankfurt, ibẹ̀ ni mo sì gbà pé iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an? Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú, ayò rẹ̀ là ń kà. Aṣọ́lé, ọwọ́ rẹ̀ là ń rí. Ẹni àárín dà bí àwọn ìyá tó wà nídìí agbada lẹ́yìnkùlé nígbà tí òde ń lọ lọ́wọ́: àwọn àlejò ń jẹ, wọ́n ń jó, ta ló ń ronú nípa ẹni tó ń ko iná? Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ fún un, Groenen ti wo ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún, ó ti wo ti òsì. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, kì í fi àyà kò ó tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi gbà á, kí ẹsẹ̀ tó jìnnà lè gba bọ́ọ̀lù kí ara sì ti kọjú sí iwájú. Bí ẹni ẹ̀yìn tó wà lápá ọ̀tún bá sáré gòkè lọ gbá bọ́ọ̀lù, òun ló ń sún lọ dí àyè yẹn, láìsí ẹni tó pè é. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin márùn-ún àkọ́kọ́ tó bá sáré ló máa sọ bóyá àwọn alátakò á rí àyè gba ọ̀nà kọjá tàbí wọn ò ní rí. Ó ń ṣe èyí láìmọye ìgbà láàárín 90 ìṣẹ́jú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ibodè. Groenen fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Bẹ́ljíọ̀m. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ni ilé wà. Ṣùgbọ́n ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Nẹ́dálándì, òfin FIFA nígbà náà kò sì gbà á láyè láti yí padà. Wọ́n dá a dúró. Ìyẹn gba àkókò lọ́wọ́ ọmọ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà Jámánì. Oṣù Kìíní 2016, nígbà tó ti lé ní ọdún 21, ló tó wọ jésì àgbà Nẹ́dálándì fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Dẹ́nmárkì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, Johan Cruyff, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Nẹ́dálándì, kú. Cruyff ni Groenen fi ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí rẹ̀ ló sì ṣe yan nọ́ńbà 14 tí Cruyff lò. Àwọn méjèèjì kò gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan náà rí, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òun ṣì jẹ́ ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí 2017, nítorí ọdún yẹn ni gbogbo okùn tí mo ti ń ta láti òkè wá ti pàdé. Nẹ́dálándì ló gba àlejò ìdíje Yúróòpù fún àwọn obìnrin. Sarina Wiegman ni kóòṣì. Ẹni mẹ́ta ló fi sí àárín: Spitse lẹ́yìn, tó ń pín bọ́ọ̀lù tó sì ń gbá fíríkíìkì, Daniëlle van de Donk lókè, tó ń yọ wọ inú ilé alátakò, Groenen láàárín wọn, tó ń sáré kún gbogbo àyè tó ṣófo. Wọ́n na Nọ́rwèy, wọ́n na Dẹ́nmárkì, 1–0 lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Keje, ní pápá ìṣeré ìlú Tilburg. Ta ni alátakò? Bẹ́ljíọ̀m.

Ìlú tí wọ́n ti bí i. Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún tí òfin kò jẹ́. Ilé tó ti dàgbà kò sì jìnnà sí pápá náà. Spitse gba pẹ́náritì wọlé, Tessa Wullaert dá a padà fún Bẹ́ljíọ̀m, Lieke Martens gbá èyí tó jẹ́ kó parí sí 2–1. Inú mi máa ń bàjẹ́ díẹ̀ pé àwọn tó kọ ìròyìn ìdíje náà sáré kọjá lórí ọjọ́ yẹn, wọ́n ń kánjú dé àṣekágbá. Ní tèmi, bí mo bá fẹ́ fi ìgbésí ayé agbábọ́ọ̀lù yìí han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Swídìn 2–0, Ẹ̀ńgílándì 3–0. Àṣekágbá wáyé ní Enschede ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Dẹ́nmárkì ni wọ́n tún bá pàdé. Ìṣẹ́jú kẹfà, Nadia Nadim ti gba pẹ́náritì wọlé fún Dẹ́nmárkì. Ibi tí ẹgbẹ́ ti máa ń tú nìyẹn, níwájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún èrò tó wọ àwọ̀ ọsàn. Wọn kò tú. Vivianne Miedema dá a padà ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Martens fi kún un, Pernille Harder tún mú kó dọ́gba. Spitse gbá fíríkíìkì kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ó wọlé, Miedema sì parí rẹ̀ sí 4–2. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, wọ́n borí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Orúkọ Groenen kò sí lára àwọn tó gbá ayò lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ nígbà tí UEFA to àwọn mọ́kànlá tó dára jù nínú ìdíje náà, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ rí iṣẹ́.

Ayò tirẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún méjì. Ọjọ́ 3 oṣù Keje 2019, ní Lyon, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ife àgbáyé. Nẹ́dálándì àti Swídìn gbá 90 ìṣẹ́jú láìsí ayò kankan. Òpó góòlù ti gba bọ́ọ̀lù padà fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹsẹ̀ ti rẹ gbogbo ènìyàn. Ní ìṣẹ́jú 99, bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú Groenen níta àpótí aṣọ́lé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ ti jẹ́ láti fún ẹlòmíì ní bọ́ọ̀lù, ó gbé e síwájú díẹ̀, ó wò ó, ó sì gbá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ gba igun tó jìnnà. Hedvig Lindahl, aṣọ́lé Swídìn, na ara, ọwọ́ rẹ̀ kò débẹ̀. Ayò kan ṣoṣo yẹn ló gbé Nẹ́dálándì dé àṣekágbá ife àgbáyé àwọn obìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà nà wọ́n ní 2–0 níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e.

Ó ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Manchester United kí ìdíje yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2018. Òun ni ọmọ Nẹ́dálándì àkọ́kọ́ tó wọ jésì àwọn obìnrin ibẹ̀, nọ́ńbà 14 náà ló sì gbà. Ọdún mẹ́ta ló lò. Ní ìdíje Yúróòpù 2022, kòrónà mú un láàárín ìdíje, Faransé sì lé Nẹ́dálándì jáde. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló kọjá sí Paris Saint-Germain. Ibodè mìíràn, èdè mìíràn, ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ hàn, ohun kan ni mo máa bẹ̀ yín fún. Ẹ gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ wo òun nìkan. Ẹ máa rí orí kan tó ń yí sọ́tùn-ún, tó ń yí sósì, bí ẹni tó fẹ́ la títì kọjá. Ẹ máa rí i tó nawọ́ sí ẹni ẹ̀yìn pé kó gòkè, tí òun sì sún sí àyè tí ẹni yẹn fi sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù lè máà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà alátakò kan á gbé ẹsẹ̀ kan, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wà lórí èkejì, obìnrin kékeré tó wọ nọ́ńbà 14 á sì ti wà níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀.